Láti oṣù keje dé ìkúnlẹ̀: ìnira ara, ìbẹ̀rù ọkàn àti ọ̀nà ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí

Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, ara aboyún kì í gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ikùn ti gòkè débi egungun ìhà, ẹsẹ̀ ń wúwo, oorun ń já lójú, ọkàn náà kì í sì í jókòó sójú kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Ìyàrà, wọ́n á ní bí oyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Òótọ́ ni, fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìnira wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n jọ ti oyún lásán, tí wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ tó wú nítorí ìdúró pẹ́ wà, ẹsẹ̀ tó wú nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà. Èyí tí ẹ lè tọ́jú nílé, ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí. Èyí tí kò gbọdọ̀ sun ilé, àmì rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé ìgboro Lọ́kọ́jà lè ní ààyè láti dúró wò ó díẹ̀. Ẹni tó wà ní abúlé kan ní Bùnú, tí òjò lè gé ọ̀nà mọ́ lójú, kò ní ààyè bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló sì yẹ kó tètè mọ ìyàtọ̀.

Òru

Láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa fi sùn. Bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ìwúwo ilé ọmọ á tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ á dínkù, òòyì á sì máa kọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ̀gbẹ́ òsì dára, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò burú. Èyí tí ẹ fi sùn lọ ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni èèyàn ń pẹ́ sí. Bí ẹ bá ta jí lóru tí ẹ rí i pé ẹ̀yìn ni ẹ fi lélẹ̀, ẹ má dáyà já. Ẹ yí padà, kí ẹ máa sùn lọ.

Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa: ọ̀kan lábẹ́ orí, ọ̀kan láàárín orúnkún méjèèjì, ọ̀kan tó pẹlẹbẹ lábẹ́ ikùn kó má baà máa fà yín wálẹ̀. Bí ìrọ̀rí kò bá tó, ẹ ká ìró méjì pọ̀ kó ki tó ìwọ̀n itan, kí ẹ fi há àárín orúnkún. Ti orúnkún yẹn ló ń tu ìbàdí lára jù, torí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òkè máa fa egungun ìdí.

Dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbé àyà sókè tààrà, iṣan àárín ikùn ti fẹ̀, ìbàdí ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ká orúnkún méjèèjì pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá fi ìgúnpá àti àtẹ́lẹwọ́ ti ara yín dìde. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó nàró, kí òòyì má baà gbé yín.

Pajápajá sábà máa ń mú ẹran ẹ̀yìn ojúgun ní ìdájí, nígbà tí oorun bá dùn jù. Bó bá ti mú yín, ẹ na orúnkún gbọọrọ, kí ẹ fa àwọn ìka ẹsẹ̀ sókè síhà ojúgun. Bí ikùn kò bá jẹ́ kí ọwọ́ yín dé ibẹ̀, ẹ fi ìró kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ fà á síra yín díẹ̀díẹ̀ títí iṣan á fi tú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń na ìka ẹsẹ̀ síwájú, ńṣe ni ìyẹn ń mú kó gan sí i. Bó bá tú tán, ẹ dìde rìn díẹ̀. Láti dín in kù, kí ẹ tó sùn, ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fọwọ́ tì í, ẹ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó pọ́n, tó sì ń dun yín nígbà tí pajápajá ti lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ rí dókítà.

Ìtọ̀ á máa jí yín torí orí ọmọ ti ń tẹ àpò ìtọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ dín omi ọ̀sán kù. Èyí tí ẹ máa mu ní wákàtí méjì tó ṣáájú oorun nìkan ni kí ẹ dín. Bí ẹ bá ń tọ̀, ẹ tẹ ara síwájú díẹ̀ kí àpò náà lè gbẹ tán. Ilé tí ilé ìgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé póò sínú yàrá. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ lóru kì í ṣe ibi tó yẹ kí abara méjì máa rìn. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, tó ń rùn, tàbí tí ibà wà níbẹ̀, àrùn ló wọ ọ̀nà ìtọ̀. Oògùn rẹ̀ kò le rárá bí ẹ bá tètè lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè mú ìrọbí dé kí oṣù tó pé.

Àyà tó ń jó

Omi kíkan inú ikùn ló ń gòkè wá sọ́fun. Èròjà oyún ti dẹ ẹnu ọ̀nà ikùn, ọmọ sì tún ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni iyán alẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí elépo, tó ń gbé yín ró tẹ́lẹ̀, ṣe wá di ọ̀tá oorun. Ẹ jẹ iyán yín ní ọ̀sán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oúnjẹ kékeré tí kò ní ata àti epo púpọ̀ ni kó jẹ́, kó sì tó wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Oúnjẹ kéékèèké márùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́ sàn ju ńlá mẹ́ta lọ.

Bó bá sì ń jó yín lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má ṣe to ìrọ̀rí lérí ara wọn, torí ìyẹn á ká yín ní ìbàdí, á sì tẹ ikùn sí i. Bẹ́ẹ̀dì gan-an ni kí wọ́n gbé sókè: kí wọ́n ki pákó tàbí búlọ́ọ̀kù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níhà orí, kí wọ́n sì mì í wò kó tó di pé ẹ gun un. Oògùn àyà jíjó bíi magnesium trisilicate kò burú bí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀, torí ó máa ń dí irin (iron) inú oògùn ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ láti wọ ara.

Omi kán-ún tí wọ́n ń pò fún inú rírun, ẹ fi sílẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ara tó ń gbé oyún kò sì nílò ohun tó máa ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ìrora tó dúró gbọn-in lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, tí kò lọ lẹ́yìn oògùn, tí orí sì ń fọ́ yín, kì í ṣe àyà jíjó. Àmì ẹ̀jẹ̀ ríru tó le ni.

Ẹ̀yìn, ìbàdí àti ẹsẹ̀

Oríkèé ìdí ti ń tú sílẹ̀ kí ọmọ lè rí ọ̀nà kọjá, ikùn sì ń fa ẹ̀yìn síwájú. Aṣọ kan péré lè gba ọ̀pọ̀ nínú ẹrù yìí. Ẹ wá ìró tó nípọn, tó gùn tó yáàdì méjì. Aṣọ híhun irú èyí tí wọ́n ń hun ní Bùnú dára fún un, torí kì í fà. Ẹ ṣẹ́ ẹ lọ́nà gígùn kó fẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ gbé e gba ìbàdí, kí iwájú rẹ̀ wá sí abẹ́ ikùn pátápátá, lórí egungun iwájú ara, kì í ṣe lórí ikùn. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ikùn sókè díẹ̀, kí ẹnì kan bá yín fà á, kí ẹ so ó sí ẹ̀gbẹ́. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá há, á máa dí ẹ̀jẹ̀. Ẹ tú u bí ẹ bá fẹ́ dùbúlẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹ lóṣòó, ẹ fà á mọ́ra, ẹ fi itan dìde. Ó sì yẹ kí ẹlòmíràn máa bá yín gbé e ní oṣù méjì tó kẹ́yìn. Bákan náà ni gígún iyán àti kíkọ ebè. Rírìn ìṣẹ́jú 20 sí 30 ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ń ṣe ara lóore, àmọ́ ìdúró pẹ́ lójú kan, bí ẹni tó ń tajà lọ́jà, ló ń pa ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Ẹ wá àga. Ọ̀kadà lórí ọ̀nà tó kún fún kòtò kò dára ní ìparí oyún, torí bí ẹ bá ṣubú, ibi ọmọ lè já kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Bí kò bá sí ohun mìíràn tó máa gbé yín dé ilé ìwòsàn, ẹ gùn ún, kí ọlọ́kadà rọra wà á, kó má sì gbé ẹlòmíràn mọ́ yín.

Ẹsẹ̀ tó wú ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ti fà sílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ti oyún ni, pàápàá nígbà ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ẹ gbé e sókè ju ìbàdí lọ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yíká. Omi mímu kì í dá kún un. Ife mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóòjọ́ ni kí ẹ mu, ìtọ̀ tó mọ́ á sì fi hàn yín pé ó tó. Wíwú tó yẹ kó gbé yín dìde ni èyí tó bá yín lójú nígbà tí ẹ jí, tó jẹ́ kí òrùka há, tàbí tó dé lójijì. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá dé 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ilé ìwòsàn ni, kódà bí nǹkan kan kò bá dùn yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún kì í fìgbà gbogbo dunni. Òun ló sì ń di gìrì.

Mímí gúlegúle lórí òkè tàbí àtẹ̀gùn wọ́pọ̀, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ bí orí ọmọ bá sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó, tí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ti funfun, ẹ ní kí wọ́n wo PCV yín, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára. Bí kò bá tó 33, ẹ̀jẹ̀ kò tó lára, ìkúnlẹ̀ sì ń bọ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ máa ti dànù.

Oògùn ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ líle àti ibà

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ tì nítorí pé ó ń rùn sí wọn, ó ń mú ìgbẹ́ le, ìgbẹ́ sì ń dúdú. Dúdú yẹn kò léwu. Ẹ lò ó pẹ̀lú omi ọsàn, ẹ má sì fi tíì tàbí mílíìkì gbé e mì, torí wọn kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Bó bá ń rìn yín lọ́fun ní àárọ̀, ẹ gbé e sí alẹ́ kí ẹ tó sùn, tàbí kí ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá irú mìíràn wà. Jíjẹ ẹfun tàbí amọ̀ náà ń jí irin, ó sì ń gbé ẹyin aràn wọ inú. Bó bá ń wù yín ṣáá, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Ẹ sọ ọ́ ní klíníìkì, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Fún ìgbẹ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn tí ẹ jẹ pẹ̀lú àwọ̀ funfun inú rẹ̀, àti káṣú tútù nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé. Ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ní kùtùkùtù máa ń ti ikùn níṣẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré bí ẹ bá jókòó, ẹ má ṣe kan ara yín nípá. Kíkan yẹn ló ń ti jẹ̀díjẹ̀dí jáde. Bó bá ti yọ, ẹ jókòó sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ gbẹ ẹ́ láìfi nù ún.

Oògùn SP (sulfadoxine-pyrimethamine) tí wọ́n ń fúnni ní klíníìkì láti dènà ibà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta ni, oṣù kan sí ara wọn, láti oṣù kẹrin lọ. Ẹni tó bá ń lo folic acid oní-mílígíráàmù 5 gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí ó ń pa agbára SP. Ẹ sì máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kódà bí ooru bá mú.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ lò

Fún ẹ̀yìn dídùn, paracetamol 500 mg, ẹyọ kan tàbí méjì, ni oògùn tó yẹ, kí ẹ má sì lò ju ẹyọ mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Ibuprofen, diclofenac àti àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún ara ríro, rárá. Ní oṣù wọ̀nyí wọ́n lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, wọ́n sì lè mú kí iṣan kan létí ọkàn rẹ̀ tètè pa dé. Aspirin náà, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín.

Àgbo ìwẹ̀ kò bí wa nínú. Àgbo tí wọ́n ń mu kí ọmọ lè "tètè sọ̀" ni ẹ̀rù ń bà wá. Ẹnikẹ́ni kò lè wọn agbára rẹ̀: ó lè mú ilé ọmọ fún léraléra láìsinmi, kí èémí ọmọ gé, tàbí kí ilé ọmọ fà ya, pàápàá fún ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí. Bákan náà ni kí wọ́n máa fi òróró wọ́ ikùn láti yí ọmọ padà. Ibi ọmọ lè já. Bí ọmọ kò bá tíì dorí kodò ní ọ̀sẹ̀ 36, dókítà ni kó wò ó.

Kíka yíyí ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọmọ kì í yí mọ́ bí ìkúnlẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, torí ibi tó wà ti há. Ẹ má gbà á gbọ́. Irú yíyí náà lè yí padà, kó dà bí ẹni ń fẹsẹ̀ ti ògiri ju bí ẹni ń ta ìpá lọ, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dínkù. Olúkúlùkù ọmọ ní àkókò tirẹ̀ tó máa ń ṣeré. Ẹ mọ ti ọmọ yín. Bí ẹ bá fura, ẹ jẹun, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbi tó parọ́rọ́, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ ka ìgbà tó bá yí tàbí tó bá ta. Èsúkè rẹ̀ kò sí nínú kíkà. Bí kò bá pé mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì, ẹ dìde lọ sí ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ òru. Kò sí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa bínú pé ẹ wá lásán.

Ọkàn tí kò balẹ̀

Lójú ọ̀nà ọjà, ẹni tó bá kí yín pé "Òkun o" lè dúró, kó wò yín lókè délẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn obìnrin kan tí kò tibi ìkúnlẹ̀ dé. Kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo bá sọ̀ láyọ̀." Ẹni àgbà kì í ka ìyẹn sí àrífín.

Àlá burúkú pọ̀ ní oṣù wọ̀nyí, ó sì ń já ọ̀pọ̀ láyà nítorí ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un. Ìdí kan ni pé oorun yín ń já léraléra. Ẹni tó bá ta jí láàárín àlá ló ń rántí rẹ̀, ẹni tó sùn mọ́jú a máa gbàgbé tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà sí i, ẹ gbàdúrà. Bí pín-ìn-nì tí wọ́n ní kí ẹ fi sí ẹ̀bá aṣọ bá ń fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ fi síbẹ̀. Kí ó ṣáà má di ìdí tí ẹ kò fi ní lọ sí klíníìkì.

Nígbà tí àyà bá ń já lóru, ẹ jókòó, ẹ sọ èjìká kalẹ̀, ẹ fi imú mí sínú títí ẹ óò fi ka ẹẹ́rin, kí ẹ fi ẹnu mí síta díẹ̀díẹ̀ títí ẹ óò fi ka ẹẹ́fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mímí síta tó gùn ju ti inú lọ ló ń mú ọkàn rọlẹ̀, mímí kan náà ni ẹ óò sì lò nígbà ìrọbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára báyìí.

Ìbẹ̀rù iṣẹ́ abẹ yẹ kí a sọ jáde. Wọ́n ti gbàdúrà lé yín lórí pé ọ̀bẹ kò ní kàn yín, àmín ni. Ṣùgbọ́n bí ibi ọmọ bá dí ẹnu ọ̀nà, bí ọmọ bá dá bùú, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni ìdáhùn àdúrà náà. Ohun tó ń pa èèyàn ni fífà á dé ọ̀sán ọjọ́ kejì nítorí pé ọkọ wà ní Àbújá, wọn kò rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí: bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ bèèrè ní klíníìkì iye tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì lọ wo yàrá ìbímọ lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ tó dé. Ibi tí èèyàn ti mọ̀ kì í dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìbànújẹ́ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì láìlọ, tí oúnjẹ kò wù yín, tí oorun kò wá kódà nígbà tí ara rọ̀, tàbí tí ó ń ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín lára, àìsàn ni. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹnì kan máa sùn tì yín.

Ìrọbí asán, ìrọbí gidi, àti ọ̀nà

Ikùn tó ń gan tó ń tú, tí kò ní àkókò kan pàtó, tó sì rọ̀ nígbà tí ẹ mu omi, tí ẹ rìn tàbí tí ẹ dùbúlẹ̀, ara ló ń gbáradì. Ti gidi máa ń sún mọ́ra, á máa pẹ́ sí i, á máa le sí i, á sábà bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí wá síwájú, rírìn kò sì ní pa á. Ẹ fi fóònù ka á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ilé ìwòsàn lè dúró títí yóò fi máa wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí kan. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tàbí tó ti bímọ rí, kó má dúró débẹ̀. Bó bá ti rí i pé ó ní àkókò, kó gbéra. Bí omi bá ya, ẹ lọ bí inú kò tilẹ̀ tíì rún yín. Bí omi náà bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó rùn, ẹ sáré.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì kì í sábà bọ́ sí i gan-an, ọmọ lè dé nígbàkígbà láàárín ọ̀sẹ̀ 37 sí 42. Nítorí náà, kó tó di ọ̀sẹ̀ 36, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ilé ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba wà ní Kàbà, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́jà. Ibikíbi tí ẹ bá yàn, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ wà lóru, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà, ṣé iná wà. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń sùn ní ìlú yín, ẹ bá wọn ṣàdéhùn owó, ẹ sì tọ́jú owó náà sọ́wọ́, torí ẹ̀rọ owó lè má ṣiṣẹ́ lóru. Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì wá ẹni méjì tó lè fún yín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rhesus negative (bíi O negative), kó bèèrè abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 28 àti láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, torí kì í wà káàkiri, ó sì wọ́n.

Ẹni tó wà ní abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, a gbà á nímọ̀ràn pé kó kó lọ sọ́dọ̀ ẹbí kan tó súnmọ́ ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ 37. Ìrìn òru lórí àwọn ọ̀nà wa kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, yálà fún kòtò tàbí fún ààbò. Kí káàdì, èsì síkáànù, ìró mẹ́rin, páàdì, aṣọ àti fìlà ọmọ, ọṣẹ, tọ́ọ̀ṣì àti gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ wà nínú báàgì kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́ fún ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí:
- ẹ̀jẹ̀ láti ojú ara, yálà inú ń run yín tàbí kò run yín
- orí fífọ́ tí paracetamol kò pa, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí ìràwọ̀, gìrì
- ikùn tó le bí igi láìtú
- ibà, tàbí mímí tó há lójijì
- àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń yún yín ṣáá lóru láìsí èélá, torí ẹ̀dọ̀ ló lè fa ìyẹn
- ọmọ tí kò yí bó ṣe máa ń yí

Bí ọmọ bá fẹ́ jáde lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kí ìyá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tẹ́ ìró mímọ́, kó sì gba ọmọ bó ṣe ń bọ̀ láìfà á. Bí ìwọ́ bá kọ́ ọrùn rẹ̀, kó rọra yọ ọ́ gba orí. Kó nu ọmọ gbẹ kíákíá, ní pàtàkì ẹ̀yìn rẹ̀, nínù yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kó ké. Kó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, kó dé e ní fìlà, kó fi aṣọ gbígbẹ bo àwọn méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má gé ìwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì fa ibi ọmọ. Bí ibi bá jáde fúnra rẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dání. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí mu ọyàn, torí mímu náà ń jẹ́ kí ilé ọmọ fún, kí ẹ̀jẹ̀ sì dínkù. Kí mọ́tò tún gbéra, kó má dúró mọ́ títí tí ẹ óò fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.